Adìẹ Tí A Fọ̀ Títí Tí Kò Mọ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi máa ń fọ adìẹ kó tó gbé e kaná. Omi àkọ́kọ́ wà fún ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó bá ṣẹ́ kù sára awọ. Yóò bu iyọ̀ sínú omi kejì, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò wá fọwọ́ méjèèjì gbo ẹran náà bí ẹni ń gbo aṣọ iṣẹ́. Omi kẹta ló máa fi ṣàn án. Bí omi kẹta bá ṣì pọ́n díẹ̀, ìkẹrin ń bọ̀ nìyẹn. Lójú ìyá mi, ẹni tó bá gbé adìẹ kaná láìfọ̀ ọ́, ọ̀bùn ni, kò sì sí ohun tó lè mú un jẹun nílé ọ̀bùn.

Inú ilé ìdáná yẹn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kọ́ bí a ṣe ń se ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí i nígbà tó pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún 2014.

"Àbúrò mi, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí níbí? Wọ́n ní ká má fọ adìẹ mọ́! Wọ́n ní ká kàn yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ká gbé e sínú ìkòkò."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá wọn lóhùn."

Ó ní òun ti fọ ti alẹ́ ọjọ́ náà tán, òun sì tún da fínígà lé ọsàn. Àwa méjèèjì gbà pé àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìmọ́tótó. Ó pẹ́ kí n tó ka ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì wà ní oko adìẹ àti nílé tí wọ́n ti ń pa á, níbi tí ọwọ́ ìyá mi kò tó.

Àjọ tó gbé ìkéde náà jáde ni Food Standards Agency, àwọn tó ń mójú tó oúnjẹ ará ìlú ní Britain. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fi hàn pé ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ibẹ̀ ló máa ń fọ adìẹ kí wọ́n tó sè é. Kì í ṣe àṣà àwa aláwọ̀ dúdú nìkan nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Campylobacter. Orúkọ Gíríìkì ni, ọ̀pá tó tẹ̀ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí bó ṣe ká kò lábẹ́ awò amú-nǹkan-tóbi.

Ìwọ̀n ìgbóná 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá kòkòrò yìí lára mu jù. Ara adìẹ sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó ju tiwa tó wà ní 37 lọ. Ìfun adìẹ ni ilé rẹ̀, kì í sì í sábà ṣe onílé ní nǹkan kan. Adìẹ tó kún fún un á máa jẹ, á máa mu, ìyẹ́ rẹ̀ á máa dán. Kò sí àgbẹ̀ tó lè wò ó lójú kó sọ pé èyí ló ní in, èyí ni kò ní in. Ìgbà tó bá dé inú ènìyàn ló ń di ogun.

Kò tíì pẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún 1977 ni Martin Skirrow, dókítà kan nílùú Worcester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpilẹ̀kọ tó la àwọn oníṣègùn lójú pé òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru tí wọn kì í rí ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Robinson po 500 kòkòrò náà mọ́ wàrà, ó gbé e mu fúnra rẹ̀, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 500 yẹn. Lójú tiwa, ó lè dà bí iye tó pọ̀. Lágbo àwọn kòkòrò àìfojúrí, kò tó nǹkan rárá. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó ta láti ara adìẹ tútù lè gbé tó iye tí yóò dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀.

Àìsàn náà kì í dé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: inú rírun tó ń lọ́ ènìyàn bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, ibà, ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ ti gorí ọjọ́, ẹ̀wà tí ènìyàn jẹ lánàá ni yóò máa dá lẹ́bi, kò ní rántí adìẹ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàrín ọ̀sẹ̀ kan láìlo oògùn kankan, bí wọ́n bá ṣáà ti ń mu omi tó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún tó kó o ni àrùn mìíràn ń tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré. Ọmọ ogun ara rẹ̀ ni yóò kọjú sí iṣan ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ di aláìlágbára, á gun òkè wá, nígbà mìíràn á dé ibi tí ẹ̀rọ ló máa bá a mí. Adìẹ kan ṣoṣo, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, lè ti ènìyàn dé ibẹ̀.

Láti oṣù kejì ọdún 2014 títí di oṣù kejì ọdún 2015, àjọ náà ra adìẹ tútù tó lé ní 4,000 láwọn súpámákẹ́ẹ̀tì àti ṣọ́ọ̀bù káàkiri, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní Campylobacter. Nǹkan bí adìẹ mẹ́ta nínú mẹ́rin nìyẹn. Ìdá 19 ló ní in lọ́pọ̀ yanturu, tí iye rẹ̀ ju 1,000 lọ lórí gíráàmù awọ kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá tí wọ́n fi wé adìẹ náà ló ní in ní ìta ara rẹ̀. Ẹni tó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, tó wá nawọ́ mú búrẹ́dì, ti gbé e délé kó tó tú ọ̀rá rárá. Lójú ìṣirò àjọ náà nígbà náà, nǹkan bí 280,000 ènìyàn ni kòkòrò yìí ń mú lọ́dọọdún ní Britain, adìẹ àti àwọn ẹyẹ ọ̀sìn yòókù ló sì wà nídìí mẹ́rin nínú márùn-ún.

Wọn ò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n dárúkọ àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńláńlá ní gbangba, wọ́n fi iye ti olúkúlùkù síwájú ará ìlú, wọ́n sì ṣe é léraléra. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ìtìjú wọ ọjà. Àwọn tó ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ìyàwó ilé ni kó mójú tó ilé ìdáná rẹ̀ wá rí i pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn náà.

Kí ni iṣẹ́ ọ̀hún? Ẹ bá mi wọ ilé ìpadìẹ ìgbàlódé. Adìẹ ń dé nínú àgò, ọ̀kan lórí èkejì, tòkè ń yàgbẹ́ sórí tìsàlẹ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn kọ́ sára ẹ̀rọ, orí á wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa wọ́n, gbogbo wọn á gba inú omi gbígbóná kan náà kọjá kí ìyẹ́ lè rọ̀. Àwọn rọ́bà tó dà bí ìka ọwọ́ á máa na ìyẹ́ náà kúrò, ohun tí wọ́n bá sì gbá lára tàkọ́kọ́ ni wọn yóò fi lu ìkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mìíràn á fa ìfun yọ. Adìẹ kì í tóbi dọ́gba, irin sì lè la ìfun ní ibi tí kò yẹ, ohun inú rẹ̀ á sì tú sára ẹran. Nítorí pé orí ló wà nísàlẹ̀, omi gbogbo ara ń ṣàn lọ sí ọrùn. Awọ ọrùn ló wá di ibi tí kòkòrò náà pọ̀ sí jù.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe ohun gidi, ọ̀bẹ ni wọ́n gbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé awọ ọrùn dànù kí adìẹ tó wọ ọ̀rá. Ní oko, wọ́n tún bojú wo àṣà kan: àgbẹ̀ á kó díẹ̀ nínú agbo lọ tà, á fi ìyókù sílẹ̀ kí wọ́n sanra sí i. Bàtà àwọn tó wá kó wọn, àti àgò tí wọ́n gbé wá, ló máa ń gbé kòkòrò náà wọ agbo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ṣe ọ̀rá tó lè wọ inú ààrò pẹ̀lú adìẹ inú rẹ̀, kí ọwọ́ má tilẹ̀ kan ẹran. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, àwọn adìẹ tó ní kòkòrò náà lọ́pọ̀ yanturu ti wá sí nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ìyàwó ilé ló fa èyí. Awọ ọrùn ni wọ́n gé.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sídìí síńkì ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi sórí adìẹ, omi náà kì í pa kòkòrò. Ó kàn ń gbé e kiri ni. Ó ń ta sára ògiri, sórí abọ́ tó ti mọ́, sórí aṣọ tó wà lára wa, sórí tòmátì tí a ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà àti yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina jáde pẹ̀lú ìwádìí kan. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn se adìẹ, kí wọ́n sì ṣe sàláàdì, wọ́n wá ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn tó fọ adìẹ, ìdá 60 ló ní kòkòrò nínú síńkì. Lẹ́yìn tí wọ́n rò pé àwọn ti fọ síńkì náà mọ́, ìdá 14 ṣì ní in. Ìdá 26 ló gbé e dé inú sàláàdì. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà, nítorí kì í sábà wọ inú ìkéde: nínú àwọn tí kò fọ adìẹ rárá, ìdá 31 ló gbé kòkòrò dé inú sàláàdì. Ọwọ́ ni wọn ò fọ̀ dáadáa. Ẹni tó sọ fún wa pé ká má fọ adìẹ, tí kò sọ fún wa pé ká fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá gbé e, kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà ńkọ́? Wọ́n ń gba òórùn, wọ́n ń mú awọ le díẹ̀, wọ́n sì ń fi adùn sí ẹran. Mo ṣì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò wọ́n nílé ìdáná, wọn ò lágbára láti pa ohun tó wọ inú awọ àti ihò ìyẹ́. Iná ló ń pa á. Bí gbogbo inú ẹran bá gbóná dé 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó dé ibi tó nípọn jù lẹ́bàá egungun itan, Campylobacter ti kú, Salmonella, kòkòrò mìíràn tó ń gbé ara adìẹ, ti kú pẹ̀lú.

Níbí ni mo ti fẹ́ gbè sẹ́yìn ìyá mi. Kò sí ẹni tó ń fi iná jẹ adìẹ níyà bíi tiwa. A á bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata títí omi rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a á dín in nínú òróró, a á tún wá dà á sínú ọbẹ̀ kó máa hó lọ. Adìẹ líle, àwọn tó ti yé ẹyin títí ó fi sú wọn, lè lò ju wákàtí kan lórí iná. Àwọn tó ń jẹ adìẹ tí àárín rẹ̀ ṣì pọ́n, kì í ṣe ìdí ìkòkò wa ni wọ́n wà. Bí adìẹ bá ṣe wá ní jàǹbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò ní wá látinú ìkòkò. Yóò wá látinú ọ̀bẹ tí a fi gé e, tí a tún fi gé kùkúńbà. Látinú pákó kan náà. Látinú ọwọ́ tí a fi gbo ó, tí a fi mú ìgò omi ọmọ. Iná la fi borí ọ̀tá yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibi omi ló ti ń rí wa gbá mú.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá lè gbà á pé kó má fọ adìẹ, mi ò ní bá a jà, pàápàá bí adìẹ rẹ̀ bá ti ọjà wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́. Kó kọ́kọ́ gé tòmátì àti ewébẹ̀ tó máa jẹ ní tútù, kó bò wọ́n, kó gbé wọn kúrò. Kó bu omi sínú abọ́ tó jìn, kó ki adìẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, kó má ṣe ṣí ẹ̀rọ lé e lórí. Kó rọra da omi náà nù, kó fi ọṣẹ fọ abọ́, síńkì, ọ̀bẹ àti ọwọ́ méjèèjì, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí, ilé ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá dé ọjà tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni adìẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ààyè ni ọ̀kan, tí wọ́n ń pa lójú ẹni. A fọkàn tán an nítorí a rí i kó tó kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbá omi gbígbóná tí wọ́n ń rì í bọ̀. Láti àárọ̀ ni omi náà ti wà níbẹ̀, adìẹ tí kò lóǹkà ti gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ti àgbàrá. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń tú ìfun, tí wọ́n sì ń gé ẹran. Aṣọ kan náà ni wọ́n fi ń nu ọ̀bẹ àti ọwọ́.

Adìẹ yìnyín ni èkejì. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó o wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ ó ń wọlé. Ọkọ̀ òkun ń já a sí Kùtọ́nu, ibẹ̀ ni àwọn onífàyàwọ́ ti ń gbé e gba Sẹ̀mẹ̀, Ìdìròkò àti àwọn ọ̀nà inú igbó wọlé, nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ni ewu inú rẹ̀. Èmi kò nílò láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín tó yọ́ ti tó bà mí lẹ́rù. Dídì máa ń dín Campylobacter kù. Nígbà tó ń ṣọṣẹ́ ní Iceland ní 1999, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi kápá rẹ̀ ni pé agbo adìẹ tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in, dídì ni wọ́n ń dì í kí wọ́n tó tà á. Ti Salmonella yàtọ̀. Ó kàn ń sùn nínú yìnyín ni. Bí yìnyín bá yọ́ nínú oòrùn, ó jí, ó ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá tún dì í, ó tún sùn, àmọ́ iye rẹ̀ kì í padà sí ti tẹ́lẹ̀. Adìẹ onífàyàwọ́ lè gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí wọ́n tilẹ̀ pa nílé, tí ó bá dé kóòdù rúùmù tí iná ọba ti lọ láti àná, tí owó dísẹ́ẹ̀lì kò sì sí, ìrìn kan náà ló ń rìn.

Ọ̀rọ̀ oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran lónìí kó ra ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi adìẹ láìrí dókítà ẹranko. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fún adìẹ tí ara rẹ̀ yá, kó má baà ṣàìsàn. Òfin wà pé iye ọjọ́ kan pàtó gbọ́dọ̀ wà láàrín ìgbà tí a fún un kẹ́yìn àti ìgbà tí a ó pa á, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé pẹ̀lú owó, ta ni yóò sọ pé kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Kòkòrò tó bá rí oògùn yẹn lójoojúmọ́ á kọ́ bí a ṣe ń yè é. Amẹ́ríkà rí i: ní ọdún 2005, àjọ tó ń mójú tó oògùn níbẹ̀ fòfin de oògùn kan, enrofloxacin, pé kí ẹnikẹ́ni má fún adìẹ mọ́, nítorí Campylobacter ti ń di èyí tí oògùn irú rẹ̀ kò ràn lára ènìyàn. Láàrín 2013 sí 2014, Salmonella tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn mú 634 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ 29 àti Puerto Rico, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ara adìẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn. Orílẹ̀-èdè tí ó ń ri adìẹ bọ omi apakòkòrò nílé ìpadìẹ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Láti 1997 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kọ irú adìẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun yóò fọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn kò ní tọ́jú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo rántí omi kẹta ìyá mi nígbà tí mo ka ìyẹn.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó ń ka iye ẹni tí kòkòrò inú adìẹ ń mú. Ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin, wọ́n gbé e dé ilé àyẹ̀wò, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò Widal, wọ́n ní "táífọ̀ọ̀dù ni." Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n fi ti ibà kún un. Bẹ́ẹ̀ ibà jẹ̀funjẹ̀fun tòótọ́ kì í ti ara adìẹ wá, ènìyàn nìkan ni kòkòrò tirẹ̀ ń gbé lára, bó tilẹ̀ jẹ́ ìbátan Salmonella inú adìẹ. Widal sì lè pe ohun mìíràn ní táífọ̀ọ̀dù. Ìgbẹ́ ọmọ náà, tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó gbin ín sínú abọ́ àyẹ̀wò láti mọ ohun tó máa hù níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé oúnjẹ tó ní àbàwọ́n ń pa nǹkan bí 420,000 ènìyàn lọ́dún ní gbogbo ayé, pé ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ń ru ẹrù tó wúwo jù bí a bá wo iye ènìyàn tó wà níbẹ̀. Àjọ Britain lè dárúkọ súpámákẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó ti kà. Àwa kò lè dárúkọ ohun tí a kò kà.

Ó ṣeé ṣe láti ṣẹ́gun rẹ̀, mo fẹ́ kí èyí yé wa. Bí a bá wo iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, New Zealand ló ní Campylobacter jù nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ayé ní 2006, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 ènìyàn láàrín àwọn tí kò ju mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Wọ́n fi òfin lélẹ̀ fún àwọn ilé ìpadìẹ, wọ́n ń wọn iye kòkòrò lára adìẹ, ẹni tó bá kọjá ààlà ń rí ìjà. Nígbà tó fi di 2008, àìsàn náà ti dín kù ju ìdajì lọ. Ti ẹyin náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Britain. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, Edwina Currie, mínísítà kékeré fún ìlera, sọ ní gbangba pé Salmonella wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyin ilẹ̀ náà. Àsọdùn wà nínú rẹ̀, inú bí àwọn olówó ẹyin, ó sì fi ipò sílẹ̀ láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ewu tó ń tọ́ka sí wà lóòótọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn adìẹ tó ń yé ẹyin ní àjẹsára, àrùn náà sì fò sá. Ní 2017, àjọ kan náà tó ní ká má fọ adìẹ kéde pé aláboyún lè jẹ ẹyin tó ní àmì kìnnìún lára, àmì pé adìẹ tó yé e ti gba àjẹsára, láì jinná tán.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìbàdàn, mo sọ gbogbo èyí fún ìyá mi. Ó gbọ́ mi tán láìdá mi lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé kí n wá máa jẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ ni?" Mo ní rárá, Màmá, ẹ bu omi sínú abọ́ ni, kí ẹ sì kọ́kọ́ gé tòmátì yín. Ó rò ó. Ó ní èyí kò le, òun lè ṣe ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí ọjà tí kò jìnnà sílé láti ra adìẹ. Bí wọ́n ti fẹ́ rì í bọ inú àgbá, ìyá mi na ọwọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ pààrọ̀ omi yìí ná."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un, ó ní, "Màmá, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà ló ń wọ àgbá yìí, mo sì ń rà á lọ́wọ́ aláàárù omi ni. Igi ìdáná wà lọ́tọ̀. Bí mo bá ń pààrọ̀ rẹ̀, kò ní ku nǹkan kan fún mi." Ó wá fi ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ nà sí igun ògiri ọjà, níbi tí ẹ̀rọ omi kan dúró sí lórí pèpéle kọnkéré, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ búlúù, tí orúkọ ẹni tó gbé e wá wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní ọdún kẹrin rèé tó ti jáwọ́. Koríko ti hù yí i ká. Ìyá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó san owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà.